Bàbá Ìyàwó Tó Ní Òun Ò Gba Físà

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìnàjò, ẹ ka ìtàn yìí tán pátápátá kí ẹ tó ti fóònù yín bọ àpò. Bí ẹ bá ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ tí orí rẹ̀ le bí òkúta, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Kó tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

1.
Clifford Ackroyd ló ni ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín tó wà lórí òkè ní Halifax, ní Ìlú Ọba. Ẹja rẹ̀ dùn, n ò ní purọ́. Ẹnu rẹ̀ ni kò dùn. Kò sí ìlú tí kò tíì bú láti ẹ̀yìn káńtà, bẹ́ẹ̀ Sípéènì nìkan ló dé rí, níbi tó ti ń jẹ ẹyin àti ẹ̀wà inú agolo láràárọ̀ títí ó fi padà sílé.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Bryony, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Adelaide, ní Ọsirélíà. Nígbà tí Bryony rí ọkọ, ó pe bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ máa fà mí lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì o. N ò fẹ́ ẹlòmíì."

Clifford fi épírọ́ọ̀nù nu ojú. "Ta ni yóò fà ọ́ bí kì í bá ṣe èmi? Ẹni tó bá dán an wò, màá dín in mọ́ ẹja!"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Ohun tó fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: kí òbí kan tó kù fún un rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ.

2.
Glenys, ẹ̀gbọ́n Clifford, ni yóò bá a lọ. Lọ́jọ́ kan, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí àwọn oníbàárà tò dé ìta.

"Clifford, mo ti gba físà tèmi. Orí fóònù ni mo ti ṣe é, wọn ò gbowó. Mú ìwé ìrìnnà rẹ wá, kí n bá ọ ṣe tìẹ."

"Físà kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ara yín yá? Ṣé kì í ṣe ọba wa náà ni ọba tiwọn ni?"

"Ọba kan náà ni."

"Orí rẹ̀ kọ́ ló wà lára owó wọn? Ta ló kó bàbá ńlá wọn débẹ̀? Àwa ni! Olè àgùntàn ni wọ́n, a kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, a lọ dà wọ́n sọ́hùn-ún. Èmi ni mo wá fẹ́ lọ kúnlẹ̀ fún ọmọ ọmọ olè pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wọlé'?"

Àwọn tó tò síta rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba tiẹ̀ jẹ́ pátá. Bí èrò bá ti ń rẹ́rìn-ín fún òmùgọ̀, á rò pé ọgbọ́n lòun ń sọ.

Glenys ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Bí mo bá fẹ́ wọ ẹ̀yìn káńtà rẹ yìí ńkọ́, ṣé n ò ní gbàṣẹ?"

"Ṣọ́ọ̀bù tèmi nìyẹn!"

"Ìlú tiwọn náà nìyẹn."

"Ẹ gba ẹja yín, ẹ máa lọ. Ìwé ìrìnnà ọmọ Ìlú Ọba ló wà lọ́wọ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ni físà."

Nígbà tí Glenys ò yé dà á láàmú, Clifford ní òun ti ṣe é. Irọ́ funfun báláú.

3.
Ní pápákọ̀ òfuurufú Manchester, kóòtù tó rà fún ìgbéyàwó ni Clifford wọ̀, kó má baà rún nínú báàgì. Ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó nídìí káńtà yẹ ìwé Glenys wò, ó dá a padà. Ó yẹ ti Clifford wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Sà, n ò rí físà yín."

"Ọmọ Ìlú Ọba ni mí."

"Mo rí i, sà. Ọmọ Ìlú Ọba náà ń gbà á. Àyè ṣì wà díẹ̀. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ṣe é lórí fóònù. Ẹlòmíì máa ń rí èsì kíákíá."

Ẹ wo ọmọ ọlọ́mọ tó ń wá ọ̀nà àbáyọ fún un! Ẹni tó ní làákàyè, á dúpẹ́. Clifford ní kí wọ́n pe ọ̀gá wá. Ọ̀gá dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Clifford ní kí wọ́n pe ọ̀gá ọ̀gá. Ó ń fi ìwé ìrìnnà lu káńtà, ó ń ròyìn ogun tí bàbá rẹ̀ jà, ó ń wú bí ọ̀pọ̀lọ́.

Glenys di apá rẹ̀ mú. "Ṣebí o ní o ti ṣe é! Clifford, mo bẹ̀ ọ́, nítorí Bryony, gbé fóònù rẹ fún mi."

"N ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni!"

"Ọmọ rẹ ń retí rẹ!"

"Wọ́n á gbé mi lọ ni! Kò síbi tí wọ́n fẹ́ gbà!"

Wọn ò gbé e. Àsìkò tó, wọ́n ti káńtà pa. Glenys gbé báàgì rẹ̀. "Èmi ń lọ ní tèmi. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọmọ yẹn." Kò bojú wẹ̀yìn.

4.
Ọkùnrin wa padà sílé, ó po tíì. Ibẹ̀ ni ara ti wá rọ̀ ọ́. Ó tẹ fóònù, ó tọrọ àyè tó ní òun ò ní tọrọ láéláé. Ẹ gbọ́ èyí o: tíì ò tíì tutù tí físà fi dé. Ohun tó ń bá gbogbo ayé jà lé lórí nìyẹn! Ṣùgbọ́n bàálù tó kàn tó láyè, ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni yóò tó balẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù tí wọ́n ti ń rí ojú ara wọn. Ìbòrí funfun ti wà lórí Bryony.

"Bryony, àwọn aláìmọ̀kan tó wà ní pápákọ̀ yẹn ni—"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn àna mi pé àìsàn ló dá yín dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, ẹ ṣáà máa wúkọ́."

"Àìsàn? Ara mi le koko!"

"Mo mọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ló ń tì mí lójú."

Ó pa fóònù. Glenys ní kí òun fà á lọ́wọ́, Bryony kọ̀. Ó ní ẹni tí òun fẹ́ kò wá. Òun nìkan ló rin ìrìn náà láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé ìrìnnà kì í ṣe adé. Ẹ wádìí òfin ìlú tí ẹ ń lọ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún yín ṣe òfin. Bí wọ́n bá sì fi ọ̀nà hàn yín lẹ́nu ibodè, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ gbà á. Bí ilé yín tilẹ̀ tóbi ju ààfin lọ, bí ẹ bá dé ilé onílé, ẹ kágò. Ẹni tó bá ṣì ń fi agbára àná lérí mọ́ onílé òní, kó má gbàgbé: ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá.