Ìjókòó Lẹ́tà Ńlá

Iṣẹ́ tí wọ́n rán Agbẹnusọ ilé iṣẹ́ kò le. Kó jókòó síwájú nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn, kó na fóònù rẹ̀ síta, kó sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu obìnrin tí wọ́n ń pè ní Olóríkunkun sílẹ̀. Bí orúkọ ẹ̀rọ apínoògùn bá fi lè jáde níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kó fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá. Iṣẹ́ obìnrin náà bọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá ló sọ ọ́ ní Olóríkunkun. Ó wà lára àwọn tó kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà, èyí tí ilé iṣẹ́ wọn fẹ́ tà fún àwọn ilé ìwòsàn ọmọdé. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń pariwo pé àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀ tó lè pa ọmọ ọwọ́. Ọ̀gá ní ẹnu rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn tó fẹ́ rà á ti wọlé dé, ta ló fẹ́ máa tú ẹ̀rọ palẹ̀?

Àpérò àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n wá. Lọ́jọ́ kejì, yàtọ̀ sí Ọ̀gá tó ti gba gbọ̀ngàn ńlá, wọn ò pe ẹnikẹ́ni wá sọ̀rọ̀. Àwọn tó wá ló ni ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á kọ ọ́ sí pépà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, á mú yàrá tó wù ú, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á sì wá. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè ògiri náà: BÓ O BÁ TI GBỌ́ TÌẸ, DÌDE, JẸ́ KÍ ẸSẸ̀ RẸ GBÉ Ọ LỌ SÍBI TÓ O TI MÁA WÚLÒ.

Lójú Agbẹnusọ, àìlẹ́kọ̀ọ́ gbáà nìyẹn. Nílé tiwọn, ẹni tó bá dìde nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀, ìgbátí ló máa fi etí ẹ̀ gbà.

Ẹ̀rọ Tó Lè Pa Ọmọ: ohun tí Olóríkunkun kọ́kọ́ kọ sí pépà tirẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn ti ń kà á lọ kí Ọ̀gá tó dé, tó fà á ya.

“Bí orúkọ ẹ̀rọ yẹn bá jáde lẹ́nu ẹ lónìí, wá kó ẹrù ẹ lọ́fíìsì lọ́la.”

“Lẹ́nu mi?”

“Lẹ́nu ẹ tí kì í dákẹ́ yẹn!”

“Ó dáa, sà. Kò ní jáde lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mi ò relé o. Mo máa ṣe ìjókòó tèmi, ẹni tó bá ń dùn kó lọ bú sẹ́kún.”

Lójú Ọ̀gá níbẹ̀ ló ti mú pépà mìíràn, ó kọ ọ́ sí i: Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Ńlá fún Ojú Àgbà. Wákàtí kan náà tí Ọ̀gá fẹ́ sọ̀rọ̀ ló mú.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. “Lẹ́tà ńlá! Ẹ jẹ́ kó máa lọ kọ́ wọn ní A, B, D.”

Yàrá kékeré kún. Àwọn tó ti ka pépà àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, Agbẹnusọ sì mọ̀ pé òfófó ni wọ́n wá gbọ́. Olóríkunkun kí wọn, ó fi iná gbé ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sára aṣọ funfun tó wà níwájú, ìlà wínníwínní sì tò síbẹ̀ bí èèrà. Agbẹnusọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Èdè kọ̀ǹpútà ni. Bí wọ́n bá kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀, kò ní mọ̀. Ó kọjú fóònù sí ẹnu obìnrin náà.

“Ojú ti ń ṣe bàìbàì, ẹ̀yin èèyàn mi,” ni Olóríkunkun wí. “Lẹ́tà tó kéré kì í ṣe pé kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sún un mọ́ra.”

Ó tẹ bọ́tìnnì, àwọn ìlà náà tóbi. Ó tún tẹ̀ ẹ́, títí ó fi ku ìlà kan ṣoṣo lára aṣọ náà, gbàgàdà.

“Ẹ̀yin ẹ̀yìn, ṣé ẹ rí i?”

Bàbá onígíláàsì kan yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

“A rí i,” ló sọ. Ó dìde, ó jáde, kò tiẹ̀ dágbére.

Aboyún kan gbé ọwọ́ lé ikùn, òun náà dìde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní méjì méjì. Ẹ̀rín fẹ́ pa Agbẹnusọ. Ó fi fóònù kejì kọ̀wé sí Ọ̀gá: “Lẹ́tà ńlá ti sú wọn.” Láti orí pèpéle ni Ọ̀gá ti fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè dá a lóhùn.

Olóríkunkun ò dákẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ dúdú lórí funfun, ó ń sọ̀rọ̀ àlàfo láàárín lẹ́tà, ó sì ń gbé ohùn sókè bí ẹni tí gbogbo ayé ń gbọ́. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nìkan, àánú rẹ̀ ṣe Agbẹnusọ. Obìnrin tó ń pariwo ọmọ tó lè kú ló wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, tó ń pa làpálàpá yìí.

“Àbúrò, ó tó. Kò sẹ́nì kankan mọ́.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ẹ ò rí i?”

“Kí ni mo fẹ́ rí?”

Ó wo Agbẹnusọ, ó wo aṣọ funfun, ó mi orí. “Kò lè tóbi ju báyìí lọ mọ́.” Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé orúkọ ẹ̀rọ yẹn jáde lẹ́nu mi?”

“Kò jáde. Ẹ̀rí ẹ̀ wà nínú fóònù mi.”

“Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o.”

Tayọ̀tayọ̀ ni Agbẹnusọ fi gba gbọ̀ngàn ńlá lọ kó lè ròyìn fún Ọ̀gá. Bó ṣe ti ilẹ̀kùn báyìí, Ọ̀gá wà lórí pèpéle, àwọn onílé ìwòsàn jókòó níwájú rẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè ni.

Gbogbo àwọn tó jáde ní yàrá kékeré ló tò gbọọrọ sídìí maikirofóònù, aboyún ṣìkejì, bàbá onígíláàsì ló ṣáájú, ó sì ti ń túmọ̀ ìlà ara aṣọ funfun yẹn ketekete sí èdè tí ìyá ọmọ gbọ́: “Bí wọn ò bá sọ bí ọmọ ṣe wúwo tó, fún un ní ìwọ̀n oògùn àgbàlagbà.”