Bí Ìfura Ṣe Pa Ẹ́ńjìnnì Sàlàkọ́

Rárá o, ẹ má fi òwe yẹn dí mi lẹ́nu. Ẹ ní ìfura loògùn àgbà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé odidi ìkòkò àgbo mu lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ara ẹ̀ á le ni? Àmujù ló ṣe Sàlàkọ́ ará Itamaga. Ìfura ọkùnrin yìí pọ̀ ju irun orí ẹ̀ lọ. Tó bá ń sùn, ojú kan ló ń pa dé, èkejì á máa ṣọ́ ìrọ̀rí. Tẹ́ ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wojú ọ̀run bóyá ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́.

Ó ní mọ́tò àtijọ́ kan tó fi ń kó ẹja láti Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú. Lọ́jọ́ kan ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ṣàkàṣàkà bí ìgbà tí wọ́n da ìṣó sínú agolo. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àlàájà Waliyah, ìyá ẹlẹ́ja ní Olúwo, ránṣẹ́ sí i: “Sàlàkọ́, tó o bá dé ibí kí aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé tó lù, ìwọ lá máa bá mi kó ẹja títí ọdún á fi yí po. Tó ò bá dé, Mujeeb onímọ́tò kejì ni màá pè.” Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò bọ́ sọ́wọ́ Sàlàkọ́ rí láyé.

Kó tó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó mú ọ̀dà pupa tí ìyàwó ẹ̀ fi ń kun èékánná, ó fi tọ́ gbogbo nọ́ọ̀tì ara ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mùlíkátù ìyàwó ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Tẹniọlá, ṣé ẹ́ńjìnnì ń lọ ṣègbéyàwó ni?”

“Dákẹ́ jàre. Wọ́n á yọ ojúlówó, wọ́n á fi àlòkù rọ́pò ẹ̀. Ti tèmi á yàtọ̀.”

Àlímì mẹkáníìkì ṣí ẹ́ńjìnnì, ó wò ó. Ó ní: “Bàbá, ṣéènì tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì ló ti dẹ̀. Kò tíì já, ẹ ò ní ra nǹkan kan. Màá tú bóòtù tó dì í mú, màá fà á le níwọ̀n, màá dè é padà. Ó parí.”

Háà! Mẹkáníìkì tí ò ní kéèyàn ra nǹkan? Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, koko ló tún ń le sí i. Sàlàkọ́ jókòó lórí táyà, ojú ẹ̀ ń tẹ̀ lé ọwọ́ Àlímì bí ológbò tó rí eku.

“Kí lo kì bọ àpò?”

“Àkísà ni, bàbá.”

“Àpò kejì ńkọ́?”

Àlímì rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú o, bàbá. Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta.”

Bí wọ́n ṣe pe ìrun Aláàsárì báyìí, Àlímì nu ọwọ́. “Bàbá, mo ti tú bóòtù yẹn, ṣéènì ti dẹ̀ pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì o. Tẹ́ ẹ bá tàn án, ṣéènì á fò kúrò lórí eyín ẹ̀, àwọn irin inú á máa gbá ara wọn. Ẹ jẹ́ n lọ kírun, mò ń bọ̀.”

Ó lọ. Sàlàkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kí n má tan mọ́tò ara mi? Ó ti yọ nǹkan nìyẹn! Ó sáré ka àmì pupa ara nọ́ọ̀tì, gbogbo ẹ̀ pé. Dípò kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó lọgun: “Olè yìí ti lọ ra ọ̀dà pupa tiẹ̀!”

Ló bá fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, ó yí i.

Gbàràgàdà! Kẹ̀ẹ́! Ariwo náà dé Ijede, àwọn apẹja ibẹ̀ kó àwọ̀n wọn nílẹ̀, wọ́n ní òjò ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Àlímì sáré dé láìwọ bàtà. Ó fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì, ó yí díẹ̀, ó há. “Bàbá, ta ló tàn án?”

“Mo... mo kàn ní kí n wò ó bóyá ó pé ni.”

“Ó pé tẹ́lẹ̀, bàbá. Ìsinsìnyí ni ò pé mọ́.”

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tó di Sátidé, Mujeeb ti wà ní Olúwo kí aago márùn-ún tó lù. Mọ́tò Sàlàkọ́ ti di ilé adìyẹ báyìí. Òun fúnra ẹ̀ ló ń ru agbọ̀n ẹja sínú ọkọ̀ Mujeeb láràárọ̀, ọrùn ẹ̀ sì ti wọnú èjìká débi pé, tó bá fẹ́ wẹ̀yìn, odidi ara ló ń yí.

Ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ rèé. Kéèyàn la ojú sílẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n kó má di etí. Ẹni tí ọkàn wa ò bá balẹ̀ sí, ká má gbéṣẹ́ fún un. Tá a bá sì ti gbé e fún un, tó ní ká má fọwọ́ kàn án, ká káwọ́ gbera. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ayé pe olè, ọwọ́ ara ẹ̀ náà ló máa fi ba nǹkan ẹ̀ jẹ́.

Ẹ dúró ná. Ta ló fi ìdérí bo abọ́ ẹja yẹn nígbà tí mo ń wọlé? Mo rí yín o. Ẹ bu tèmi wá, kẹ́ ẹ fi orí sí i.