Tọ́rọ́ Abẹ́ Àwo

Lọ́la ni Sùrájù oníṣòwò ń kúrò ní Ìdànrè lọ wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: kí wọ́n má lọ pè é ní ará oko nínú yàrá tí àwọn ọlọ́lá ti ń jẹun.

Tàjùdéèn, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ti ṣe agbáwo nínú ọkọ̀ rí. Òun ló ń kọ́ ọ.

"Ẹ fi tọ́rọ́ sábẹ́ àwo fún agbáwo, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ wá wojú ẹni tó gbé oúnjẹ wá, kí ẹ ní, 'O ṣé, ọbẹ̀ yìí dùn.'"

Mùíbàt, ìyàwó Sùrájù, ló ń ṣe bí agbáwo. Ó dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Tọ́rọ́ kò nira. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣòro fún Sùrájù.

"O ṣé," ó ń kùn.

"Agbáwo ò gbọ́ o, ọ̀gá!" Mùíbàt fèsì.

Sùrájù gbójú sókè. "O ṣé, Mùíbàt. Ọbẹ̀ yìí dùn."

Mùíbàt sáré gbé àwo lọ sẹ́yìnkùlé.

Sùrájù nu òógùn ojú. "Ṣé gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń sọ ọ́?"

Tàjùdéèn rẹ́rìn-ín. "Tọ́rọ́ nìkan ni ti ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó kù, agbáwo yín ló bẹ̀ mí kí n fi kún un."