Verlin Stoecker àti Àpáàdì Tó Mọ́ Jù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan máa dán, ẹ fara balẹ̀, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀.

Àgbẹ̀ ni Verlin Stoecker létí odò Illinois ní Amẹ́ríkà. Àgbàdo ló ń gbìn, àmọ́ òkè kékeré tó wà lẹ́yìn oko rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà. Tí òjò bá ti rọ̀ sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, àpáàdì àti orí ọfà olókùúta àwọn tó gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé á yọjú, Verlin á sì máa ṣà wọ́n. Kì í tà wọ́n o. Ó kàn fẹ́ràn wọn ni.

Awalẹ̀pìtàn kan ní yunifásítì, Dókítà Paulette Renner, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì pè é.

"Ọ̀gbẹ́ni Stoecker, ẹ jẹ́ kí n wá wò wọ́n, ká jọ sọ̀rọ̀ nípa bá a ṣe ń tọ́jú wọn."

"Ọmọ mi, mo ti ń ṣa nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó bí ẹ. Kí lo fẹ́ kọ́ mi?" Ó pa fóònù.

Ẹ ò mọ bó ṣe ń tọ́jú wọn? Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ló fi ń ha inú àpáàdì títí gbogbo dúdú ibẹ̀ á fi ṣí kúrò. Wọ́n tilẹ̀ fún un ní rìbọ́n ẹ̀yẹ níbi ìpàtẹ àgbẹ̀, orí rẹ̀ sì wú.

Lọ́jọ́ kan, ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọbọ́ Lorene, ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà figbe ta.

"Verlin! Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, o ò fọ abọ́ kan rí nínú ilé yìí. Ìkòkò àwọn tó ti kú lo wá ń fọ̀ dán! Ṣé àwọn ló ń se oúnjẹ fún ẹ ni?"

Ó já búrọ́ọ̀ṣì gbà, ó rọ́ àpáàdì tó kù tí kò tíì fọ̀ sínú báàgì, ó jù ú sórí pẹpẹ. Verlin gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Kò pẹ́, ìròyìn dé pé títì tuntun máa gba orí òkè náà kọjá. Àyà Verlin já. Ó sáré gbé fóònù.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

Dókítà Renner dé, kò bá a wí. Ó ní, "Tá a bá lè fi hàn bí ibùgbé orí òkè yìí ṣe pẹ́ tó, ìjọba á ní kí títì yà fún un. Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ ti da ilẹ̀ ibẹ̀ rú. Oúnjẹ tó jóná, tó dúdú mọ́ inú ìkòkò wọn nìkan la lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò ká mọ ọdún tí wọ́n sè é."

Verlin fi ìgbéraga ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì rẹ̀. Dókítà gbé àpáàdì kan, ó gbé òmíràn, ó ń wo inú wọn.

"Wọ́n mọ́, àbí?"

"Wọ́n mọ́ jù, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ̀rí yẹn gan-an lẹ fọ̀ dànù."

Verlin jókòó, omi bọ́ lójú rẹ̀. Lorene ní, "Ẹ dúró ná," ó sì gbé báàgì ọjọ́ ìjà yẹn wá. Dúdú ṣì wà nínú àwọn yẹn bámúbámú.

"Ibo lẹ ti ṣa èyí?" Dókítà bi Verlin.

"Apá ìlà-oòrùn òkè."

Apá ìlà-oòrùn nìkan náà ni wọ́n rí gbà là, torí Verlin ti fọ gbogbo àpáàdì apá ìwọ̀-oòrùn tán. Títì yà fún un, ó sì gba ti ìwọ̀-oòrùn kọjá. Tí Verlin bá ń wakọ̀ níbẹ̀, á ṣí fìlà rẹ̀ fún apá tó sọnù.

Àmọ́ inú rẹ̀ dùn lónìí. Lọ́dọọdún ni Dókítà ń wá pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Verlin ló ń fi ibi tó ti ṣa nǹkan hàn wọ́n, wọ́n á sì jọ jẹ páì tí Lorene yan. Tí wọ́n bá jẹun tán, Verlin á dìde lọ fọ abọ́. Àmọ́ ní ti àpáàdì, kò jẹ́ kí omi kàn án mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan àtijọ́ nínú ilẹ̀ bàbá yín, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má ha á. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.