Ẹgbẹ́ Akọrin Tí Kì Í Kọrin

Bí tíṣà ṣe gbọ́ “Àgò onílé o!” lẹ́nu ọ̀nà ló bú sórin, ohùn rẹ̀ ń há bí ti ewúrẹ́ tí òjò ń pa. Ó ti parọ́ fún gbogbo Ìlobù pé ẹgbẹ́ akọrin ló ń pàdé ní pálọ̀ òun, kí ará ìlú má baà mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ilé kọ̀ ló ń kó jọ síbẹ̀, ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, obìnrin tí wọ́n bí lọ́kùnrin. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀dá, tí kò mọ orin kan kọ parí!

Ìyá àgbà àdúgbò wọlé. “Tíṣà, dákẹ́, má fọ́ wa létí. Ẹ̀rín la máa ń gbọ́ níbí, a ò gbọ́ orin rí.”

Tíṣà sáré kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà...”

Màmá nawọ́ sẹ́yìn, wọ́n fa ọmọ kan wọlé. “Ọmọ ọmọ mi rèé. Wọ́n lé e nílé ní Ìfọ́n. Òun náà ò mọ orin kọ.”