Oko Kan, Ọkọ̀ Kan, Orúkọ Kan

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí a fi làálàá ẹlòmíràn sí níkàáwọ́.

1.
Ní ọdún 1997, Ọláníyì ti Lọ́ńdọ̀nù dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn kan nítòsí Lálúpọn gbà á síṣẹ́, wọ́n sì fi àpótí ìpamọ́ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ sí lé e lọ́wọ́. Dísíìkì méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà da gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan, kí Ọláníyì lè pín in sí yàrá bí ó bá ṣe fẹ́. Àwọn yàrá wọ̀nyí kò ní ògiri. Orúkọ nìkan ni a fi ń dá wọn mọ̀.

Ó kó àkọsílẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ sí yàrá kan, ó kó ti ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ sí òmíràn. Ẹ̀rọ kò gba àmì ohùn, kò sì gba àmì sábẹ́ lẹ́tà. Báyìí ni oko àti ọkọ̀ ṣe di OKO1 àti OKO2.

Morẹ́nikẹ́, olùwádìí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ló fi ọdún mẹ́sàn-án kó àkọsílẹ̀ oko jọ. Ikán ti jẹ àwọn ìwé àtijọ́. Inú ẹ̀rọ nìkan ni àkọsílẹ̀ náà kù sí.

"Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù, èwo ni tèmi níbẹ̀?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó wà nínú orí mi."

"Orí yẹn náà ni mò ń bẹ̀rù. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì da àkọsílẹ̀ mi kọ sórí téèpù ìpamọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí dísíìkì kan bá kú, àwọn yòókù á gbé e. Kí la fẹ́ fi téèpù ṣe?"

2.
Ọdún kejì, òjò àkọ́rọ̀ dé. Àrùn ti run ẹ̀gẹ́ Lálúpọn. Àwọn àgbẹ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti gbọ́ irú igi ẹ̀gẹ́ tí àrùn kì í mú. Àkọsílẹ̀ Morẹ́nikẹ́ ló ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ ti kún, ìṣirò ìkẹyìn kò rí àyè. Bàṣírù, olórí awakọ̀, ní kí wọ́n pa ti òun rẹ́.

"Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé mi. Kọ̀ǹpútà ò mọ táyà jù mí lọ."

Ọláníyì jókòó. OKO1. OKO2. Èwo ni oko? Bí ó bá tú ọ̀kan wò, kò ní ju ìdajì wákàtí lọ. Ṣùgbọ́n Morẹ́nikẹ́ àti Bàṣírù dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Ó dá yín lójú, ọ̀gá?" ni Bàṣírù bi í.

"Àbí kí ni mo lọ kọ́ lókè òkun?"

Ó yan ọ̀kan. Ẹ̀rọ bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí ó pa á rẹ́. Ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ sì nu àyè ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

3.
Ó tú èyí tí ó kù. Táyà. Ọ́ìlì. Táyà.

"Níyì, oko mi dà?"

Ọláníyì yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Morẹ́nikẹ́ kò pariwo.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ló wí. "Ní Ọjọ́bọ̀, ìwọ ni wàá bá wọn sọ̀rọ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, àgbẹ̀ mọ́kànlélógójì jókòó. Àgbà kan dìde. "Òjò ti rọ̀, ọ̀gá. Èwo ni ká gbìn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, a ò mọ̀ mọ́."

"Ẹ ò mọ̀ mọ́? Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìyẹn?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ ọdún pípẹ́ lé orí tí ó lè gbàgbé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn, kí ẹ sì tú ohunkóhun wò kí ẹ tó pa á rẹ́. Ẹ má sì tijú láti sọ pé ẹ kò mọ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì lè gba iṣẹ́ là.