Ìbọn Tí Bàbá Kékeré Ní Kí N Jù Nù

Àbúrò bàbá mi tún ti dé. Kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Irin tó ti dípẹtà yìí lo ṣì jókòó tì?"

Mi ò wò ó. Mo ń fi sáńpépà ha igi ìdí ìbọn tí mo rí lókè àjà. Mi ò kọ́ṣẹ́ ìbọn. Ọwọ́ mi tó bá dilẹ̀ ni mo fi ń tún un ṣe.

"Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò yé ọ, ìbọn ló máa wá yé ọ? Gbé e jù sódò!"

"Bàbá Kékeré, ohun ìní bàbá mi ni. Mi ò jù ú síbì kankan."

Ìyàwó mi ní kí n jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ilé lè tòrò. Mo kọ̀.

Lónìí, ó ti ṣiṣẹ́. Kò sí ọta nínú rẹ̀. Àfi kí èèyàn fi àtàǹpàkò fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́yìn tagbáratagbára kí ó tó lè yìn.

Mo gbé e lé Bàbá Kékeré lọ́wọ́ níwájú ìyá mi.

"Ẹ ní ńṣe ló dá yìn níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, tó pa bàbá mi. Ó yá, ẹ jẹ́ kó tún dá yìn."